Ilé Tuntun fún Agẹmọ Voahirana

Bí Voahirana ṣe gbé agẹmọ wọlé báyìí, ìyá ọkọ rẹ̀ fa ìborùn bojú. Ní ìlú wọn, Ambositra, mélòó nínú àwọn àgbàlagbà ni yóò fẹ́ bá ẹranko yẹn sùn lábẹ́ òrùlé kan náà?

"Kí lo gbé wọlé yẹn?" Ó ká ìka rẹ̀ kò kó tó tọ́ka sí i, nítorí a kì í na ìka gbọọrọ sí agẹmọ.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ọwọ́ ọkùnrin tó ń fi í ya fọ́tò fún àwọn àlejò lọ́jà ni mo ti gbà á. Okùn tó fi so ó mọ́gi ti fẹ́ẹ̀ gé e lẹ́sẹ̀."

"Gbé e lọ sínú igbó, jàre!"

"Ẹsẹ̀ yẹn ò lè di ẹ̀ka mú dáadáa báyìí, Màmá. Tí mo bá jù ú sígbó, ẹyẹ á gbé e lọ ni."

Razanamasy, ìyá ọkọ rẹ̀, ṣí ìborùn kúrò lójú, ó wo ẹsẹ̀ náà. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n tó bá kú sínú ilé yìí, mò ń lọ bá àbúrò ọkọ rẹ ní Antsirabe. Mi ò ní gbé ilé tí agẹmọ kú sí."

Láti ìgbà tí ọkọ Voahirana ti kú, àwọn méjèèjì ló kù nínú ilé. Àwọn tí kò mọ̀ wọ́n máa ń rò pé ìyá àtọmọ ni wọ́n, ó sì ti pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ló bá ṣe ohun tí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ń ṣe fún àlejò pàtàkì. Ó fi agẹmọ sínú àgò kan, ó gbé e sí apá àríwá yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá, níbi tí ọmọdé kì í jókòó sí. Ó tẹ́ aṣọ funfun sínú rẹ̀, ó bu omi sínú àwo tánganran, ó pa tata, ó tò ó síwájú rẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ọ̀wọ̀ ọ̀hún pọ̀ jù. Ìwọ̀-oòrùn ni fèrèsé ilé wọn ń kọjú sí, òtútù àti òkùnkùn ló sì kún kọ̀rọ̀ ọlá yẹn látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Agẹmọ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ojú rẹ̀ jìn wọnú. Kò mumi, kò wo tata. Ní ọjọ́ kẹta, Voahirana kúnlẹ̀ tì í.

"Jọ̀ọ́, mu díẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi mí sílẹ̀ ni?"

Kò mọ̀ pé Razanamasy wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà náà gbọ́ ọ, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

"Ta ló ní kó o gbé e sí àríwá? Ṣé baba ńlá ẹ̀ wà níbẹ̀ ni? Orí igi nilé baba tiẹ̀! Èmi gan-an, tí wọ́n bá fi mí síbẹ̀ látàárọ̀, màá dúdú. Gbé e síta kó yá oòrùn!"

Igi kọfí kan wà lẹ́bàá ògiri ìta, níbi tí oòrùn àti ibòji ti pàdé. Voahirana fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn yí i ká. Ó so àwọn ẹ̀ka tín-ín-rín mọ́ ara wọn kí ẹranko tí ẹsẹ̀ ń dùn náà má baà jábọ́. Agẹmọ rọra gun ọ̀kan, ó sì dúró síbẹ̀ láìmira.

Razanamasy jókòó nítòsí, ó ń fọ ìrẹsì, ó ń ṣe bí ẹni pé kò wo ibẹ̀. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, ó gbọn ọwọ́ nù. Omi ta sára ewé kọfí. Ojú agẹmọ kan yí, èkejì tẹ̀ lé e. Ó na ọrùn, ó ń lá omi lórí ewé, ẹ̀kán kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Màmá! Ó ń mu ún!"

"Ṣé mo fọ́jú ni?" Razanamasy tún ki ọwọ́ bọmi, ó sì tún gbọ̀n ọ́n. Ó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí tí àwọ̀ ewé fi ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára ẹranko náà.

Ara tu Voahirana débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Dìde, lọ wá tata ààyè fún un. Òkú lo ń tò síwájú ẹ̀ látijọ́ yìí."

"Màmá, Antsirabe ńkọ́?"

"Tí mo bá lọ, ta ló máa wọ́n omi fún un? Ìwọ tó o bu omi sí tánganran fún agẹmọ?"