Ẹni Tó Ń Rán Ọmọ Létí Èémí

"Ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yín," ni nọ́ọ̀sì àgbà wí.

Ẹsẹ̀ògbélé bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì ló ń bá wí. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ló ti sáré wá, lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà nínú irun rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti bímọ lánàá, oyún oṣù méje. Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ àbúrò yìí, ìrìn ọjọ́ méjì ló sì kù kó tó délé. Ìyá wọn ń húkọ́, wọn ò jẹ́ kó wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ru sókè, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wá ku ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí tó lè gbé ọmọ náà sáyà, òun náà sì ni ẹni tí wọn kì í gbé ohunkóhun lé lọ́wọ́.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ló sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀ògbélé. Bó bá ń kan àga lọ́wọ́, á fi í sílẹ̀ lọ wọn tábìlì. Kó tó wọn tábìlì tán, ó ti dé ojú títì. Kì í jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ délẹ̀ tí á fi já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dín kù bí ọṣẹ inú omi. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ó ní òun á wá gbé àbúrò òun ní ibùdókọ̀. Ó gbàgbé. Wákàtí méjì gbáko lòjò fi pa aboyún náà, láti ọjọ́ yẹn ni kò sì ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ṣé ẹ sọ fún un pé èmi ni?" ó bi nọ́ọ̀sì.

"Mo sọ fún un."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ṣé kò sí ẹlòmíì ni. Mo ní kò sí. Ó sunkún díẹ̀, ó wá ní kí n kìlọ̀ fún yín dáadáa."

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ náà jáde látinú àpótí gíláàsì tó ń móoru. Ọmọ ọ̀hún kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ìka rẹ̀ rí bí igi ìṣáná. Awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn ń rí iṣan inú rẹ̀ bí òwú. Ẹsẹ̀ògbélé bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ooru ara yín ló nílò," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ṣùgbọ́n ohun kan wà o. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé máa ń gbàgbé láti mí."

"Ó máa ń ṣe kí ni?"

"Ó máa ń gbàgbé. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èémí rẹ̀ yìí á ké, èmi náà wà níbí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ súnmọ́ ọn jù. Bó bá dákẹ́, ẹ fi ìka ra ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Á rántí."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun. Kò sóhun tí mi ò lè gbàgbé láyé yìí."

"Ẹ jókòó."

Ó jókòó, nọ́ọ̀sì sì gbé ọmọ náà lé e láyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó fi tòsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó fẹ́ béèrè ohun tí ẹ̀rọ náà ń kà. Ó fẹ́ dìde lọ wo fèrèsé. Ìgbà náà ni èémí ọmọ náà fẹ́ lu àyà rẹ̀, ó kéré bí èémí ẹyẹ. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀rọ kò tíì ké. Ó fi ìka kan ra ẹ̀yìn ọmọ náà. Kò mí. "Mí, jọ̀ọ́," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mí, ọmọ mi." Ara kékeré náà ta gìrì, èémí sì wọlé. Omi lé ròrò sójú Ẹsẹ̀ògbélé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún ṣẹlẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ṣáájú ẹ̀rọ. Ariwo tí kì í dá nínú orí rẹ̀ ti dákẹ́, bí ọjà tó tú.

Ìyá rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó fi aṣọ bo ẹnu. "Èyí tilẹ̀ tóbi ju bí ìwọ ṣe rí lọ," ó ní.

"Èmi kẹ̀?"

"Oṣù méje ni ìwọ náà. Kò sí ẹ̀rọ níbi tí mo bí ọ sí. Àyà mi ni mo gbé ọ sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mi ò sùn, mò ń tẹ́tí bóyá o ń mí."

"Ìyá mi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi rí?"

"Ẹ̀rù ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára mi."

Ó wo ọmọ náà. Lóṣù tó kọjá, dókítà kan sọ fún un pé àìfararọ orí rẹ̀ yìí, tí kì í jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dúró sójú kan, lórúkọ, pé kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́ èèyàn. Dókítà bi í bóyá oṣù rẹ̀ pé kí wọ́n tó bí i, torí ó máa ń wọ́pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tí oṣù wọn kò pé. Kò mọ̀ nígbà náà; ó ti mọ̀ báyìí.

Lọ́sàn-án, ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì í wọlé.

"Ìgbà wo ló ti jókòó?" ó bi nọ́ọ̀sì.

"Látàárọ̀. Èmi ni mò ń fún un lómi mu."

Àbúrò wò ó bí ẹni ń wo àlejò. Gbogbo àwáwí tí Ẹsẹ̀ògbélé ti tò sílẹ̀ láti oṣù mẹ́rin fò lọ. "Mo gbàgbé rẹ lọ́jọ́ òjò yẹn," ó ní. "Ó dùn ọ́, ó sì yẹ kó dùn ọ́. Má bínú."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò mọ bó ṣe rí." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: òtútù, ojú àwọn èrò, fóònù tó ń dún tẹ́nikẹ́ni ò gbé. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lèsì dé orí ahọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e mì. Ó gbọ́ ọ títí ó fi tán.

Àbúrò na ọwọ́, ó gbé e lé ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ẹ máa wá lọ́la?"

"Pè mí láago méje. Bí mi ò bá gbé e, tún mi pè."

"Màá pè yín," ó ní. "Màá pè yín títí ẹ ó fi dé."