Omi Tàdáwà

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Nòfẹ́ńbà, ọdún 1913, Lami kú. Iléyá kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan.

Iṣẹ́ jákàn ara agbádá ni Sàní ọkọ rẹ̀ ń ṣe ní àdúgbò Gàmbàrí. Lami a fi kálámù àti tàdáwà dúdú tí wọ́n fi ń kọ̀wé ya ọnà sára aṣọ, Sàní a fi òwú tọ ojú ọnà náà. Bí abẹ́rẹ́ bá parí iṣẹ́, wọn a fọ aṣọ. Tàdáwà a bómi lọ, òwú a kù.

Gàní aládùúgbò wọn a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Sàní, ìyàwó ń ṣíwájú, ìwọ ń wọ́ tẹ̀ lé e bí àgbò Iléyá!"

Nígbà tí Hadiza, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kú, Lami mú aṣọ funfun kan, ó ya ilé wọn sí i: kànga, odó, adìẹ tó ń ṣa ọkà, wàláà, pátákó ìkọ̀wé tí Hadiza máa ń gbé lọ sílé kéú.

"Bàbá Hadiza, ẹ bá mi fi òwú tọ̀ ọ́, kó má baà ṣá."

"Ó dẹ̀yìn Iléyá. Agbádá ìjòyè ló wà lọ́wọ́ mi."

Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Ó rán ojú abẹ́rẹ́ méje sí etí wàláà náà, Hadiza sọ sí i lọ́kàn, ó jù ú sílẹ̀.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, ó ń fọ agbádá náà. Aṣọ Lami wà nínú ẹrù ìfọ̀. Sàní rí wàláà náà. Ó rí i dáadáa kó tó tẹ aṣọ náà bọmi.

"Àṣìṣe ni," ló wí fún un. "Mo ṣe bí àkísà tí o fi ń dán kálámù wò ni."

Lami kò bú u. "Níbo lẹ da omi náà sí?"

"Ẹ̀yìn ilé."

Ó lọ síbẹ̀, ó jókòó ti ojú ibẹ̀ títí ilẹ̀ fi gbẹ. Àárọ̀ Iléyá ni ibà dé. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni Sàní fi jókòó ti ẹní rẹ̀, kò sọ òótọ́ fún un.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Gàní tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ náà ní, "Fọkàn balẹ̀. Ẹni tó ṣe àṣìṣe kò jẹ̀bi."

Sàní tẹ́ aṣọ náà sórí itan, ó fẹ́ fi òwú dá gbogbo rẹ̀ padà. Kò rántí ibi tí adìẹ náà kọjú sí.

Ohun tí Lami fi sílẹ̀ nìyí: kálámù méjì, ọ̀kan ti là lẹ́nu, akèrègbè tàdáwà kékeré, abẹ́rẹ́ tó ti ki òwú bọ̀ de ọkọ rẹ̀, aṣọ funfun kan, ojú abẹ́rẹ́ méje ní igun rẹ̀, àti ilẹ̀ dúdú díẹ̀ lẹ́yìn ilé.