Pọ́ọ̀ṣì Aláwọ̀ Sìmẹ́ǹtì

Bàbá mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Tẹ́ ẹ bá pè é, á kọ́kọ́ pariwo "Hẹ̀lóò" bíi pé òdìkejì odò lẹ wà, á gbọ́ tẹnu yín díẹ̀, á ní "ó dáa", á pa á. Oníbàárà kan pè é rí pé ọkọ̀ tó kó búlọ́ọ̀kù òun ti ṣubú sí kòtò. Bàbá mi ní "ó dáa", ó pa á.

Búlọ́ọ̀kù ló ń ṣe. Ọgbà wa ò tóbi: òkìtì yanrìn, àtíbàbà onípáànù, ẹ̀rọ kan tó ń po yanrìn mọ́ sìmẹ́ǹtì tó ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn, èmi, àti Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń fi ṣọ́bìrì kó yanrìn sínú mọ́òdù, àpótí irin tá a fi ń gé búlọ́ọ̀kù. A sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Tó bá ní kẹ́ ẹ bá òun bu omi, gbogbo adìẹ àdúgbò á fò.

Ìyá wa kú nígbà tí èmi ṣì ń rákò, tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré. Inú ọgbà yẹn ni bàbá mi ti tọ́ wa. Èmi ń jẹ yanrìn, ẹ̀gbọ́n mi ń sùn nínú bárò tá a fi ń kó yanrìn. Tí bàbá mi bá rọ mọ́òdù kún, kó tó fà á sókè, á fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì lù ú: gbà, gbà, gbà. Ìyẹn ló fi ń rẹ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́kún. Tí gbà-gbà yẹn bá dákẹ́, á jí, á figbe ta. Bàbá mi á wá máa ṣe búlọ́ọ̀kù tẹ́nikẹ́ni ò ní kó ṣe, kí ọmọ ṣáà lè sùn. Àwọn àgbà àdúgbò máa ń sọ pé oorun ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi kọ́ ìdajì ilé tó wà ní òpópó wa. Bàbá mi ṣì ń pè é ní Ọmọ Inú Bárò títí dòní, tòun ti pé ó ti lọ sílé ọkọ ní ìlú tó jìnnà.

Ó wá lóyún. Dókítà ní ọmọ náà dábùú, wọ́n á ní láti ṣiṣẹ́ abẹ gbé e jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún un, ó pe bàbá mi títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ẹ̀rọ ń ké, fóònù wà nínú àpò ṣòkòtò, ojú ẹ̀ ti sán bí ilé aláǹtakùn. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Nígbà tá a délé tá a pè é padà, ẹkún ti gba ohùn lẹ́nu ẹ̀.

"Bàbá, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Kí n tó wọlé, mo fẹ́ gbóhùn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tún dá nìkan wà báyẹn."

Bàbá mi ní "ó dáa". Àmọ́ kò pa á. Ó kàn dì í mú sétí, òun náà ń mí, ẹ̀gbọ́n mi náà ń mí, títí owó orí fóònù fi tán.

Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣájà lọ. Ìyá Ṣájà ń ta gbogbo nǹkan tó bá ti ní wáyà, àti èyí tí kò ní. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ há débi pé tẹ́ ẹ bá sín níbẹ̀, nǹkan á já bọ́.

"Sípíkà tó lè pariwo ju ẹ̀rọ mi lọ," bàbá mi wí. "Àti aṣọ fún fóònù."

Ìyá Ṣájà gbé kan tó ń tanná yí ara ẹ̀ ká. "Eléyìí máa ń jó tó bá ń kọrin, Bàbá."

"Èmi náà máa ń jó," mo ní, "kò sẹ́ni tó rà mí."

"Ta ló máa rà ẹ́, táá máa bọ́ ẹ?" bàbá mi dá mi lóhùn. "Ìyá, ibi iṣẹ́ la fẹ́ gbé e lọ o, kì í ṣe ibi ijó."

Ó wá gbé òmíì sílẹ̀, kúkúrú, ó sanra, rọ́bà yí i ká bíi táyà. "Èyí nìyẹn. Eruku ò lè wọ̀ ọ́, omi ò lè rí nǹkan fi í ṣe. Ẹ lè jù ú mọ́lẹ̀."

Ẹ kì í sọ ìyẹn fún ẹni tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Nínú ọgbà wa, tí búlọ́ọ̀kù bá gbẹ, bàbá mi á mú ọ̀kan nínú wọn, á gbé e dé àyà, á ju ọwọ́ sílẹ̀. Tí igun ẹ̀ bá gé, á ní ká tún yanrìn jọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló gbé sípíkà yẹn dé àyà, tòun torin tó ń kọ, ó ju ọwọ́ sílẹ̀.

Ìyá Ṣájà fi gèlè bojú. Sípíkà balẹ̀ gbì, ó fò, ó yí wọ abẹ́ àga, ó ń kọrin lọ. Bàbá mi fà á jáde, ó fi àtàǹpàkò wo igun ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka kàn án kó, kó, ó gbé e sétí.

"Ó gbẹ dáadáa," ó wí.

Ó wá ku omi, iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Mo rí bákẹ́ẹ̀tì tí Ìyá Ṣájà fi ń nu ilẹ̀, mo ri sípíkà sínú ẹ̀. Olórin ń kọrin lábẹ́ omi bí ẹni tó ń fọ eyín. Mo yọ ọ́, ó tutọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó bá orin ẹ̀ lọ. Inú mi dùn débi pé mo ju fóònù tèmi náà sínú bákẹ́ẹ̀tì. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Fóònù tèmi ò tutọ́, kò kọrin, ó kú.

Ìyá Ṣájà wò mí bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó gbé agbòòrùn. "Fi í sílẹ̀ síbí. Tó bá jí, màá ránṣẹ́ sí ẹ."

"Èmi ni mo bí i," bàbá mi wí, ó rọra mí kanlẹ̀. "Ẹ bá wa fi sùúrù ṣe é."

Ìyá Ṣájà so fóònù bàbá mi mọ́ sípíkà láìlo wáyà. Ó fi bọ́tìnì kan hàn mí lára sípíkà náà. Ó ní tí ìpè bá wọlé, èèyàn lè tẹ bọ́tìnì yẹn, kó dúró síbẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀, láì fọwọ́ kan fóònù rárá. Bàbá mi ò tiẹ̀ gbọ́, ó ti ń yan pọ́ọ̀ṣì, aṣọ fóònù tó ní òun fẹ́ rà.

Pọ́ọ̀ṣì náà nípọn bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, ó ní ìdérí tó bo ojú fóònù. Pupa wà, yẹ́lò wà, èyí tó dà bíi sìmẹ́ǹtì náà wà.

"Ẹ mú yẹ́lò, Bàbá," Ìyá Ṣájà wí. "Tó bá já bọ́, ẹ máa tètè rí i."

"Kò ní já bọ́. Èyí tó dà bíi sìmẹ́ǹtì ni kẹ́ ẹ mú wá. Ìdọ̀tí ò ní hàn lára ẹ̀."

"Okùn tẹ́ ẹ lè fi gbé e kọ́rùn ńkọ́?"

"Okùn? Ṣé ewúrẹ́ ni?"

A gbé e délé. A fi okùn so sípíkà mọ́ òpó àtíbàbà. Lọ́jọ́bọ̀, mo gba ohùn ara mi sínú fóònù bàbá mi, mo tú sípíkà lára òpó, mo gbé e sẹ́yìn búlọ́ọ̀kù. Bí Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ṣe kọjá báyìí, búlọ́ọ̀kù ní: "Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, o ti lu orí mi jù." Ọkùnrin náà ju ṣọ́bìrì nù, ó di ẹ̀yìn ilé. Ọ̀sán ló tó padà wá, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo so sípíkà padà mọ́ òpó.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Bàbá mi ti wọ ẹ̀wù tó mọ́ wá síbi iṣẹ́. Nítorí kò fẹ́ kí fóònù jìnnà sí sípíkà, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ òkìtì yanrìn tá a ti pò. A ń ṣe búlọ́ọ̀kù tí kò ní ihò, ti ìpìlẹ̀ ilé. Iṣẹ́ ń lọ, gbà, gbà, gbà.

Ni sípíkà bá ké lórí òpó. Ó bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ lóòótọ́. Bàbá mi pa ẹ̀rọ, ó na ọwọ́ síbi tó gbé fóònù sí. Kò sí fóònù níbẹ̀. Ó tú yanrìn. Ó tú àpò. Sípíkà ń ké.

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi.

"Gbé fóònù mi wá," bàbá mi wí.

"Bàbá, kò sí lọ́wọ́ mi."

"Irọ́ ni, Ọ̀gá," Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní. "Àná ló ní kí búlọ́ọ̀kù bú mi."

Sípíkà dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ò pariwo mọ́ mi. Ó kàn wò mí, ojú ẹ̀ pọ́n, ó ní, "Ọmọ mi, fi eléyìí sílẹ̀. Lónìí nìkan." Èyí dùn mí ju igbájú lọ.

Mo kúnlẹ̀ sínú sìmẹ́ǹtì tútù, mo bú ara mi lórúkọ tí mi ò lè kọ síbí. Bí mo ṣe fọwọ́ tẹlẹ̀ ni mo gbọ́ nǹkan tó ń gbọ̀n, jìì, jìì, láàárín àwọn búlọ́ọ̀kù tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà gbọ́ ọ. Ó wo ṣọ́bìrì ẹ̀, ó wo òkìtì yanrìn, ó gbé ọwọ́ lé ẹnu. Òun ló ti kó fóònù pọ̀ mọ́ yanrìn. Ta ló fẹ́ rí sìmẹ́ǹtì nínú sìmẹ́ǹtì?

Bàbá mi gbé ṣọ́bìrì sókè, ó fẹ́ fọ́ búlọ́ọ̀kù. Ibẹ̀ ni mo ti rántí bọ́tìnì Ìyá Ṣájà. Mo fò mọ́ òpó, mo tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá?" Ohùn ẹ̀gbọ́n mi gba gbogbo ọgbà. "Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ẹ," bàbá mi sọ fún òpó.

"Wọ́n ti ní kí n máa bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí."

Bàbá mi la ẹnu. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. "Ó dáa" ni. Ó dé ètè ẹ̀, ó gbé e mì. Ó wo èmi, ó wo Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó bá dojú ṣọ́bìrì tó gbé sókè bolẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ẹ̀ lu mọ́òdù.

Gbà, gbà, gbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi ní, jẹ́ẹ́jẹ́ bí ọmọdé, "Ẹ má dáwọ́ dúró o."

"Mi ò ní dáwọ́ dúró."

Ọkọ ẹ̀ ló bá a gbé fóònù wọlé. A gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń bèèrè pé kí ló ń dún gbà-gbà. A gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá mi ni. Ẹ jẹ́ kó máa dún."

A ò tan ẹ̀rọ mọ́. Ọwọ́ lèmi àti Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fi po yanrìn, bàbá mi ń rọ, ó ń lù, ó ń fà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sún mọ́ àwọn búlọ́ọ̀kù tútù yẹn, kí ìpè má baà já. Ewúrẹ́ kan wá, ó fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ họ ara lára wọn. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn lọ bá a, ó ní, "Jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, máa lọ." Ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ló fi sọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé ó ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ lọ́fun. Ewúrẹ́ náà gbà, ó lọ.

Òógùn ti rẹ ẹ̀wù tó mọ́ yẹn. Mo ní kí n gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹ̀, ó mi orí. Gbà, gbà, gbà.

Lójijì, nǹkan kan figbe ta lórí òpó. Igbe tó mú, tó ń bínú, bíi pé ẹnì kan jí i lójú oorun.

"Ọmọbìnrin ni o," ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wí. "Àlàáfíà làwọn méjèèjì wà."

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ jókòó sínú omi sìmẹ́ǹtì. Bàbá mi lu mọ́òdù lẹ́ẹ̀kan péré sí i, ó rọra gbé ṣọ́bìrì kalẹ̀.

"Ó dáa," ó wí.

Kí ìpè náà tó parí, a ní kí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tún pè. Nígbà tó pè, a gbọ́ ibi tí fóònù ti ń gbọ̀n. Bàbá mi fi ṣọ́bìrì ẹlẹ́nu kékeré la búlọ́ọ̀kù náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń la búrẹ́dì, ó yọ fóònù jáde. Ó ṣí ìdérí pọ́ọ̀ṣì. Ojú fóònù mọ́ tónítóní.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá mi lọ bá Ìyá Ṣájà pé kó mú okùn ewúrẹ́ yẹn wá, àti pọ́ọ̀ṣì pupa. Ó gbé fóònù kọ́rùn bọ̀ wálé.

Oníbàárà tó ni iṣẹ́ wá kó ẹrù ẹ̀. Wọ́n kó o tán, òkìtì búlọ́ọ̀kù ṣì wà nílẹ̀.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́, Bàbá? Mi ò ní kẹ́ ẹ ṣe tó báyìí."

"Kì í ṣe tìẹ," bàbá mi wí, ó ń fi ọwọ́ gbọn yanrìn kúrò lórí wọn. "Ẹni tó ni wọ́n ṣì ń sùn."