Ojú Tí Kò Lọ́mọrí

Níbi tí a ti ń kọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní Kariobangi, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí èmi Mumbua máa ń kọ́ ọmọ kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ju ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé bí dókítà bá bi ọ́ léèrè, kò sí ohun tó ń ṣe ọ́. Orí ò fọ́ ọ, ọwọ́ ò dùn ọ́. Dókítà ló ń yọ orúkọ èèyàn kúrò nínú ìwé ìjà, afẹ̀ṣẹ́jà tó bá sì ń sọ òótọ́ fún un, orí àga ni yóò ti máa wòran.

Nekesa gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí yé. Ọmọ ogún ọdún ni, ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ náà kò sì lọ́ra. Ṣùgbọ́n bó bá bọ́ awò ojú, kò lè mọ èmi yàtọ̀ sí àpò iyanrìn tí à ń lù. Ní oṣù kejì ni àwọn aláṣẹ kéde pé oṣù kẹjọ làwọn máa yan ikọ̀ orílẹ̀-èdè, pé ẹni tí kò bá ríran dáadáa láìlo awò kò ní wọ agbo ìjà. Awò tíńtín tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú pàápàá, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí i.

Ni inú wa bá dùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ọjọ́ pẹ́ tí Nekesa ti ń wá ìdí tí yóò fi lọ síbi iná lésà tí wọ́n fi ń tún ojú ṣe, ìdí sì ti dé.

Ilé ìtọ́jú ojú kan ní Westlands la kọ́kọ́ lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán débi pé mo rí àgbọ̀n ara mi nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mwenda bu kọfí fún wa.

"Ogún ìṣẹ́jú péré ni," ló wí. "A óò gé awọ mímọ́ gaara tó wà níwájú ẹyinjú bí ọmọrí ìkòkò, a óò ṣí i, iná lésà á tún abẹ́ rẹ̀ ṣe, a óò dé e padà. Tó bá dọ̀la, ẹ ti ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ mátátù láti òkèèrè."

"Ọ̀la kẹ̀?" Nekesa pariwo.

"Ọ̀la gan-an."

Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́, ó kọ ọ́ pé òun ń dirun. Mo mi orí sí i: ọmọ mi àtàtà! A dá Ọjọ́bọ̀.

Gbogbo ọ̀nà ló ń fò lórí ìjókòó. Ṣùgbọ́n èmi kì í ra tòmátì níbi àtẹ àkọ́kọ́, mo ní ká gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn.

"Kóòṣì, ẹ̀yin náà! Ṣé tòmátì ni ojú mi?"

"Ojú tó ń pe àpò iyanrìn ní Kóòṣì, ó ṣe é nájà."

Ibi iṣẹ́ Dókítà Jerop wà lókè ilé ìtajà oògùn kan ní Parklands. Kò sí kọfí. Ó bi Nekesa bóyá ó ti yọ awò tíńtín láti ọ̀sẹ̀ méjì, Nekesa ní òun ti yọ ọ́. Fúnra dókítà ló wọn ojú rẹ̀, ó wo àwòrán tí ẹ̀rọ yà, ó fa ojú ro.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Irun ni mo ń di, dókítà."

Obìnrin náà mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ àwọn oríkèé tó ti le. "Irun ta lò ń di? Ti kìnnìún?"

Nekesa wò mí. Mo gbé ojú sí ògiri.

"Mi ò ní lé yín," ni dókítà wí. "Ọ̀nà méjèèjì ni mò ń ṣe níbí, iṣẹ́ rẹ ló máa sọ èyí tó bá ọ mu. Èyí tó lọ́mọrí yá, kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá gbá ojú náà kíkankíkan, kódà lẹ́yìn ọdún, ọmọrí lè yẹ̀. Èyí tí kò lọ́mọrí, a óò ha awọ òkè kúrò, á hù padà. Wàá jẹ̀rora fún ọjọ́ mẹ́ta, ojú á ṣe bàìbàì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, o ò sì ní jẹ́ kí ohunkóhun gbá a fún oṣù mẹ́ta. Mo tún bi ọ́: iṣẹ́ wo?"

"Irun," ni Nekesa wí wúyẹ́wúyẹ́. Ojú tó máa ríran lọ́la ló ń fẹ́.

Mo rántí ìjà tèmi. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ní Mombasa, dókítà fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún mi láàárín ìjà, ó ní ìka mélòó lòun nà. Òkùnkùn ni mo rí. Mo ní mẹ́ta. Àṣé mẹ́ta ni lóòótọ́! Àwọn èèyàn hó yèè, mo padà sínú ìjà, mo sì borí. Láti ọjọ́ náà, ọ̀tún mi ni mo máa ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn dúró sí, ẹnikẹ́ni ò fura.

"Afẹ̀ṣẹ́jà ni!" Mo fi igbe ta. "Èmi ni mo kọ́ ọ nírọ́! Dókítà, ojú òsì mi yìí ti fọ́ láti ọdún mọ́kànlá, irọ́ tí mo pa fún irú yín ló fọ́ ọ!"

Nekesa rìn yí ká wá sí òsì mi. Mi ò mọ̀ pé ó ti na ọwọ́ síwájú ojú mi, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ẹkún rẹ̀.

"Dókítà, èyí tí kò lọ́mọrí," ló wí níkẹyìn. "Àti pé... awò tíńtín tí mo ní mo ti yọ láti ọ̀sẹ̀ méjì... àárọ̀ yìí ni mo yọ ọ́."

"Abájọ tí àwòrán fi rí wúruwùru!" Dókítà pòṣé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. "Má lò ó mọ́. Padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ká tún un wọ̀n."

Wọ́n ṣe é ní oṣù kẹta. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dùbúlẹ̀ sí yàrá mi tí ó ń bú èmi àti Mwenda, tí mo ń fi ọwọ́ bọ́ ọ ní ugali, òkèlè àgbàdo.

Nígbà tí oṣù kẹjọ pé, bàbá àgbà kan tó jẹ́ dókítà ìdíje náà bi í: "Ṣé kò sí ohun tó ń ṣe ọ́?"

"Wọ́n ṣe ojú mi, èyí tí kò lọ́mọrí. Ìwé rẹ̀ nìyí. Àtàǹpàkò òsì mi sì ń dùn mí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Bàbá náà ka ìwé, ó tẹ àtàǹpàkò náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó wá fi ọwọ́ kan bo ojú ọ̀tún Nekesa, ó sì gbé ọwọ́ kejì sókè.

"Mélòó?"

"Méjì, dókítà. Èékánná èyí tó gùn ti ṣẹ́."

Bàbá náà wo ìka ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ sí ìwé.