Kásẹ́ẹ̀tì Tí Ẹlòmíràn Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Bí Alàgbà Ìbíkúnlé bá wọ ilé ẹnikẹ́ni ní Ìkọ̀lé, tẹlifíṣọ̀n ló máa ń kọ́kọ́ kí kó tó kí onílé. Yóò fa àga súnmọ́ ọn, yóò yọ awò ojú rẹ̀ jáde, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ imú mọ́ gíláàsì. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ọ́ bí dókítà tó ń túfọ̀ aláìsàn pé, "Àwòrán yìí ti kú." Onílé tó ti ń gbádùn fíìmù rẹ̀ láti àárọ̀ yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì.

Ìbàdàn ló ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó kó ẹrù wálé lọ́dún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀. Lára ẹrù náà ni kásẹ́ẹ̀tì fíìmù kọ́bọ́ì kan tí Olúrẹ̀mí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù. Fíìmù àtijọ́ ni, ọkùnrin kan tí wọ́n jí màlúù rẹ̀ kó ló gun ẹṣin tó ń wá wọn kiri. Alàgbà kò jẹ́ fi yá ẹnikẹ́ni. Ó tì í mọ́ inú àpótí onírin pẹ̀lú káńfọ̀, ó sì so kọ́kọ́rọ́ àpótí náà mọ́ ọrùn, níbi tí àwọn Kátólíìkì máa ń so àgbélébùú mọ́.

Ó ní òfin tó fi ń dá àwòrán lẹ́jọ́. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ojúlówó, o gbọ́dọ̀ lè ka eyín ẹnu ẹṣin. Eruku ilẹ̀ kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ èéfín ìbọn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kan wà tó ní tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn ju gbogbo ìyẹn lọ. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ibi tí èèyàn bá ń dá padà wò jù lọ ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Ìlà funfun á máa já lójú rẹ̀, tó bá yá, á wá dà bíi pé wọ́n ń da gààrí sí ojú tẹlifíṣọ̀n. Gààrí yìí ni Alàgbà fi ń ka ẹ̀ṣẹ̀ onílé. Nílé Tíṣà Ayọ̀délé, ó rí gààrí tó bo obìnrin kan tó ń wẹ̀ lódò, ló bá kọjú sí Tíṣà níṣojú ìyàwó rẹ̀ àti àna rẹ̀, ó ní, "Ibi tí ẹ ń dá padà nìyí." Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ni Tíṣà ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bọ́sẹ̀dé, tó ń yá àwọn èèyàn ní fíìmù nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí ọjà, kò bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Alàgbà máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà tí yóò máa sọ fún àwọn oníbàárà pé wọ́n ń náwó sórí ìranù, pé bí kì í bá ṣe àwòrán tó ti kú, obìnrin tó ṣí ara sílẹ̀ ni. Fíìmù kọ́bọ́ì nìkan ni fíìmù ọmọlúàbí lójú tirẹ̀. Nígbà tí Bọ́sẹ̀dé wá bi í jẹ́jẹ́ pé ilé ọtí inú fíìmù kọ́bọ́ì ńkọ́, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń gbé yẹ̀rì sókè jó, ó ti ní èsì lẹ́nu. "Tó bá ti dé ibẹ̀," ó ní, "mo máa ń dìde lọ mumi."

Èmi ò ní fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: Alàgbà fẹ́ di Bàbá Ìjọ. Ó fẹ́ ẹ ju bó ṣe fẹ́ wọ ọ̀run rere lọ. Àga Bàbá Ìjọ, tó ní tìmùtìmù pupa, ti ṣófo láti ìgbà tí ẹni tó ni ín ti kú, Fíkà, àlùfáà ìjọ náà, sì ti sọ ọ́ pé lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde ni òun yóò kéde orúkọ ẹni tó kàn, lẹ́yìn fíìmù tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ fi tọrọ owó òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí orúkọ méjì lẹ́nu àwọn èèyàn, ti Alàgbà ni. Ohun tó kù ni kó jókòó jẹ́jẹ́ títí ọjọ́ náà yóò fi pé, ìyẹn ni kò sì lè ṣe.

Ó gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ti lọ yá fíìmù lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀dé, àti pé fíìmù ọlọ́màlúù yẹn gan-an ni. Ló bá gba ilé Fíkà lọ. "Ṣé gààrí lẹ fẹ́ fi han ìjọ Ọlọ́run ni?" Ó ní kí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n méjì kalẹ̀, kí wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì òun sínú ọ̀kan, kí wọ́n fi ti Bọ́sẹ̀dé sínú èkejì, kí ìjọ fojú ara wọn ṣèdájọ́. Fíkà, ọmọ ìlú Ayégbajú tí kò ní fídíò nílé rí, gbà láì jiyàn.

Nígbà tó dé ilé, inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹni tó lè tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì báyìí, ṣé kò ní lè tọ́jú ìjọ?"

Morìnsọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ń bẹ iṣu lọ́wọ́. "Bàbá Ayọ̀bámi," ó ní, "ẹ jẹ́ kí fíìmù yín jókòó sínú ulé. Uṣẹ́ tó ń ṣe nínú ulé ti tó o."

Alàgbà rò pé ìlara kásẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe obìnrin náà.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé Àjíǹde, wọ́n fi ìró àti ẹní dí fèrèsé gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án gangan, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé, tẹlifíṣọ̀n méjèèjì sì wà lórí tábìlì tí wọ́n máa ń to iṣu ìkórè sí. Alàgbà dìde sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò pè é. "Láti ọjọ́ tí kásẹ́ẹ̀tì yìí ti wọ ilé mi, ọwọ́ tèmi nìkan ló kàn án. Ìyàwó mi kò mọ bó ṣe wúwo tó. Àwọn ọmọ mi kò gbóòórùn rẹ̀ rí."

"Ẹ̀yin nìkan, sà?" Bọ́sẹ̀dé bi í.

"Èmi nìkan. Ọlọ́run ń gbọ́ mi." Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ká sọ òótọ́, kásẹ́ẹ̀tì Alàgbà dára. Ẹṣin yanu, àwọn ọmọdé sì ń ka eyín rẹ̀ sókè. Nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún láàárín àpáta, gààrí bo ti Bọ́sẹ̀dé pátápátá, nítorí ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ti máa ń dá a padà, ṣùgbọ́n ti Alàgbà mọ́ gaara. Ó dúró ti tẹlifíṣọ̀n, ó ń fi agboòrùn tọ́ka sí èéfín, ó tọ́ka sí eruku, ó ní kí wọ́n wò ó bí wọn ò ṣe dà pọ̀. Ó bojú wo àga onítìmùtìmù pupa lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ yá gágá.

Ìgbà náà ni ọlọ́màlúù so ẹṣin rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ilé ọtí, tí dùùrù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ilé.

Alàgbà sọ agboòrùn rẹ̀ kalẹ̀. Nílé, tí fíìmù bá ti dé ibẹ̀, ojú rẹ̀ kì í sí lára ìlà funfun kankan. Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, ohun tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, á dá a padà, á tún ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Báyìí ló ń ṣe láti ìgbà tó ti dé láti Ìbàdàn. "Fíkà," ó ní, "ó yẹ ká dá a dúró níbí, nítorí àwọn ọmọdé."

"Ẹ jókòó, Alàgbà," ni Fíkà wí, fíìmù ti wọ̀ ọ́ lára. "Ẹ jẹ́ kó rí màlúù rẹ̀ ná."

Ilẹ̀kùn ilé ọtí ṣí. Obìnrin àkọ́kọ́ fọwọ́ kan yẹ̀rì rẹ̀, gààrí sì dà bo kásẹ́ẹ̀tì Alàgbà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú ti Bọ́sẹ̀dé, àwọn obìnrin ń jó tí èèyàn lè ka bọ́tìnnì bàtà wọn. Nínú tirẹ̀, kò sí obìnrin, kò sí ọtí, dùùrù nìkan ló ń dún lẹ́yìn funfun wúruwùru. Bí ọlọ́màlúù sì ti jáde tó gun ẹṣin rẹ̀, àwòrán mọ́ padà, eyín ẹṣin sì tún pé.

Fíkà, tí kò mọ nǹkan kan, ní ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe wàhálà.

Tíṣà Ayọ̀délé dìde láti ẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà, sà. Ká lè dájọ́ òdodo."

Bọ́sẹ̀dé pààrọ̀ wọn, ó sì dá wọn padà sí ibi ilé ọtí. Gààrí tẹ̀ lé kásẹ́ẹ̀tì Alàgbà dé inú tẹlifíṣọ̀n kejì. Tíṣà rìn wá síwájú, kò kánjú. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ imú mọ́ gíláàsì, ó sì kọjú sí Alàgbà.

"Ibi tí ẹ ń dá padà nìyí," ó ní, ó sì jókòó sí àga iwájú.

Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin akọrin ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Alàgbà la ẹnu láti di ẹrù náà lé àwọn ọmọ rẹ̀ lórí, ó rántí ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ó sì pa ẹnu náà dé. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Àjà ni Morìnsọ́lá ń wò.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀ díẹ̀, Fíkà dìde. Ọ̀rọ̀ náà ti wá yé òun náà. "Ní ti Bàbá Ìjọ," ó ní, "a ó máa gbà á ládùúrà." Kò sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn nínú ìjọ náà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gba òrùlé tó ń jò sí wọn lórí náà ládùúrà.

Ìgbà náà ni Morìnsọ́lá tó kúrò lórí àga rẹ̀. Ó lọ sídìí kúlà àwọn ọ̀dọ́, ó bu omi sínú ife, ó wá kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀ bí aya rere, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Bàbá Ayọ̀bámi," ó ní, "omi yín rèé. A ti dé ilé ọtí."

Alàgbà gbà á. Gbogbo ìjọ ń wò ó bó ṣe ń mu ún.