Ọkà Tí Wọ́n Gé Létí Ọ̀nà

Nígbà tí Dáúdà ti ogun Borno dé, etí ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́. Mùlíkátù, ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo, ti tún yàrá kan ṣe dè é nínú ìlú Ẹ̀pẹ́. Kò pẹ́ tó fi tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ dé ìsọ̀. Níbẹ̀ ni páànù ẹnìkan já bọ́, kí Dáúdà sì tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti dùbúlẹ̀ gbalaja láàárín agbọ̀n ẹja. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín tán.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló kó ẹrù rẹ̀ lọ sí oko gbágùúdá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó kọ́ ahéré kan síbẹ̀, ó sì ń gbé ibẹ̀ lóun nìkan.

Pèrègún ni wọ́n gbìn sí ààlà oko náà. Òdìkejì rẹ̀ ni oko Bàbá Ògúnwálé. Zikrullah, ọmọ bàbá yìí, ni ọ̀rẹ́ Dáúdà láti kékeré. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ wọṣẹ́ ṣọ́jà, ọkọ̀ kan náà ló sì gbé wọn lọ sókè Ọya. Zikrullah kò padà wálé. Borno ni wọ́n sin ín sí. Bàbá Zikrullah ni gbogbo èèyàn ń pe bàbá yìí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìròyìn náà ti dé, kò sẹ́ni tó dán irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wò mọ́.

Dáúdà ń sá fún un. Tó bá ti gbọ́ ìró àdá bàbá náà lápá ibí, apá ọ̀hún ni yóò kọrí sí. Òwúrọ̀ kùtù ló máa ń ro ẹ̀bá ààlà, kí baba náà tó dé.

Lọ́jọ́ kan, baba náà kọjá pèrègún, ó wá bá a nídìí ebè.

"Dáúdà, o ti ń sá fún mi tipẹ́."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Mi ò bá ti ìbínú wá. Àwọn ọ̀gá yín pè mí lórí fóònù, wọ́n ní akọni lọmọ mi. Mi ò mọ akọni. Ọmọ mi ni mo mọ̀. Kí ló ń ṣe lọ́wọ́ tó fi kú?"

Dáúdà sọ ọkọ́ sílẹ̀. "Ọkà bàbà ló ń kó, Bàbá."

Ó wá sọ bó ṣe rí. Àwọn ọ̀gá rán wọn pé kí wọ́n gé gbogbo ọkà tó bá ga létí ọ̀nà, torí inú rẹ̀ làwọn agbésùnmọ̀mí máa ń fara pa mọ́ sí yìnbọn lu ọkọ̀. Wọ́n dé oko bàbá arúgbó kan. Ọkà náà ti ń gbó, kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ mọ́ kí wọ́n kórè rẹ̀. Baba náà kò jà, kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn jókòó sílẹ̀, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n gé e tán, tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn wọkọ̀, Zikrullah ní òun á bá baba náà ṣa díẹ̀ jọ ná. Ó ti gbé ìdì kan lé èjìká, ó ń bọ̀ wá gbé ìkejì, ló bá tẹ bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀.

"Èmi ni mo dúró ti ìbọn lórí ọkọ̀, tí mo ń ṣọ́nà," ni Dáúdà wí. "Ìró bọ́ǹbù yẹn ni nǹkan tí mo gbọ́ kẹ́yìn pẹ̀lú etí yìí."

Bàbá Ògúnwálé ní, "Baba tó loko yẹn ńkọ́? Ṣé ó rí ọkà rẹ̀ kó délé?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Wọ́n ti gbé mi lọ sí ọsibítù."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ mi máa ń ṣe. Tí mo bá rán an níṣẹ́ láàárọ̀, ó di ọ̀sán kó tó dé. Á ti dúró bá ẹlẹ́rù kan gbẹ́rù." Baba náà fi apá ẹ̀wù nu ojú, ó sì kọjá padà sí oko rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán. Dáúdà á sun iṣu, baba á gbé epo wá. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n Dáúdà bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa. Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, baba náà kò yọjú mọ́. Nígbà tí Dáúdà lọ wò ó nílé, àwọn ará ilé sọ fún un pé Lateefat, ọmọbìnrin rẹ̀, ti wá mú un lọ sí Ìgbògbò, lápá Ìkòròdú.

Ẹ̀rù ariwo Ìkòròdú ń bà á, síbẹ̀ ó lọ. Ó bá baba náà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù Lateefat, tí kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà ń pariwo kọjá lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ń lọ."

"Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Láti ọjọ́ tó o ti ròyìn fún mi, tí mo bá ti gbé àdá sókè báyìí, ọmọ mi ni mò ń rí. Ibẹ̀ yẹn ti dákẹ́ jù fún mi, Dáúdà. Níbí, ariwo kì í jẹ́ kí n ronú."

"Ṣé kò yẹ kí n sọ ọ́ ni?"

"Rárá o. Èmi ni mo bi ọ́." Ó gbá a lọ́wọ́ mú. "Máa bá mi ro oko náà. Má jẹ́ kó di igbó."

Lateefat sìn ín dé ibi tó ti máa wọ kẹ̀kẹ́. "Ẹ máa wá o, bùrọ̀dá. Wọ́n máa ń bèèrè yín."

Ó ń lọ lóòótọ́, lẹ́yìn ìkórè kọ̀ọ̀kan. Á jókòó ti baba náà lórí bẹ́ǹṣì, àyà rẹ̀ á máa já ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì kan bá dún, á sì fara dà á títí oòrùn á fi rọ̀. Lẹ́yìn náà, á wọ bọ́ọ̀sì padà sí Ẹ̀pẹ́, á gba ọ̀nà oko lọ. Oko méjì ló ń ro báyìí. Ìgbà mìíràn ọ̀sẹ̀ kan á kọjá kí ó tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, torí kò sẹ́ni tí yóò bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀.