Bàtà Kánádà

Bàtà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi ránṣẹ́ láti Kánádà rẹwà ju èmi tí mo wọ̀ ọ́ lọ. Ó funfun báláú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn bíi búrẹ́dì. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní Ìlobù ń fọwọ́ pa á lára. "Dinah, o ti gba ìje ọdún yìí tán!"

Ìje àwa olùkọ́ ni, láti Ìlobù dé Ìfọ́n. Lọ́dún tó kọjá, orúnkún mi wú lójú ọ̀nà, ọ̀kadà ló gbé mi dé Ìfọ́n lójú gbogbo ayé. Ojú tì mí débi pé mo sunkún. Mo búra pé lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ ara mi ni mo máa fi dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sáré díẹ̀ nínú bàtà Kánádà, ìka ẹsẹ̀ mi á máa gbá iwájú rẹ̀, orúnkún á sì bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ẹ̀bùn àna ni. Gbogbo Sátidé ni Bọ̀dá wa ń pè: "Ìyàwó wa, ya fọ́tò rẹ̀ kí n rí i." Èmi náà á wọ̀ ọ́, mo rẹ́rìn-ín, mo ya fọ́tò, mo tún bọ́ ọ. Ìwà òmùgọ̀ gbáà!

Husnah tó ń ta bàtà òkìríkà lọ́jà ló là mí lójú. Ó rí mi tí mò ń tiro kọjá.

"Ẹ kú ìrìn, mà. Bàtà yín dáa o, àmọ́ ó ń fún yín lẹ́sẹ̀."

"Kánádà ló ti wá," mo fi ìbínú dá a lóhùn.

"Ṣé Kánádà ló máa bá yín sáré ni?"

Mo fẹ́ bú u, ẹ̀rín ló jáde. Ó ní kí n padà wá nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ tó dúró ní kíláàsì látàárọ̀ bá ti wú díẹ̀. Mo padà wá. Ó ní kí n má wo àwọ̀, kí n máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sáré lọ, kí n sáré bọ̀. "Èyí tí ẹ bá gbàgbé pé ẹ wọ̀, òun ni tiyín." Ìkẹfà ni mo gbàgbé. Ó ti ṣá, okùn rẹ̀ ò jọra, àmọ́ ìka ẹsẹ̀ mi ráyè mí nínú rẹ̀. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sáré díẹ̀díẹ̀, orúnkún mi sì dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìje ni ọkọ mi wá sọ fún mi pé Bọ̀dá wa ti dé láti Kánádà, wọ́n sì ti lọ dúró dè mí ní Ìfọ́n.

"Wọ tiwọn lónìí nìkan, nítorí Ọlọ́run," ọkọ mi bẹ̀ mí.

"Bàbá Jùwọ́n, ṣé ẹ ó bá mi yá orúnkún tiyín ni?"

Mo wọ òkìríkà mi. Nígbà tí a dé ìdajì ọ̀nà, Gbádé, tíṣà eré ìdárayá wa tó ra bàtà tuntun lánàá, ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí gìgísẹ̀. Mo kọjá lára rẹ̀. Bí a ṣe wọ Ìfọ́n, àwọn obìnrin tú síta: "Tíṣà Ìlobù, ẹ má dúró o!" Ìfọ́n tó máa ń bá wa jà nítorí ilẹ̀ ń pariwo fún ará Ìlobù! Orí mi wú. Mo sá eré tí mi ò mọ̀ pé ó wà lára mi. Ipò kẹta ni mo ṣe, lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Inú mi dùn, mo sì ń sunkún.

Mo kúnlẹ̀ kí Bọ̀dá wa. Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ń wò.

"Ìyàwó wa, bàtà mi dà?"

"Ẹ má bínú, sà. Ó ń fún mi lẹ́sẹ̀. Mi ò lè purọ́ fún yín mọ́."

Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n tú okùn irú bàtà kan náà tó wà lẹ́sẹ̀ tiwọn, wọ́n sì mí kanlẹ̀.

"Ó ti ń fún èmi náà lẹ́sẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ibo lo ti ra ìyẹn?"